Àgbá Èémí Ọdẹ́níran ní Ibú Àdáwọ̀

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ fi òwe yìí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí obì, ẹ má tíì gbé e mì, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn òní sùn sí. Ọba òkè tó fún wa ní èémí láìdíye lé e, kó má gbà á lójijì lọ́wọ́ wa. Ẹ ṣe àmín bí ẹni tó jẹun yó. Ẹn-ẹ́n.

Ọdẹ ni èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo ti bá ẹfọ̀n pàdé lójú ọ̀nà tóóró rí, ẹfọ̀n ló kí mi pé "ẹ kú ọ̀nà," tó yà fún mi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́níran, ẹni tó kọ́ mi bí a ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹran nínú ewé gbígbẹ. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bí mo bá sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ foríjì mí, ọbẹ̀ àtẹ́ kò yẹ àlejò.

Ọdẹ́níran! Bí wọ́n bá fẹ́ kí i láyé ìgbà náà, báyìí ni wọ́n ń kí i:

Ọdẹ́níran, ọmọ a-dá-wọ-igbó-dá-jáde,
Ẹkùn tí kì í wẹ̀yìn,
Bó bá wẹ̀yìn, ohun tó ń lé e ni yóò sunkún.
A-so-gbérí-mọ́ra-bí-awọ,
Ọkọ Àbẹ̀ní tí Àbẹ̀ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aṣọ ọdẹ rẹ̀.

Kì í ṣe oríkì lásán. Gbérí ọdẹ tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, òun nìkan ní í wọ̀ ọ́, òun nìkan ní í bọ́ ọ, òun ní í so okùn rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn kì í kàn án, àgàgà ọwọ́ obìnrin. Bí a bá sì pè é láti ẹ̀yìn nínú igbó, kì í dáhùn, kì í bojú wẹ̀yìn, nítorí ilé tiwọn gbà pé ohun tó ń pe ọdẹ láti ẹ̀yìn kì í ṣe ènìyàn.

Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, Àkànmú, ọmọ ìyá rẹ̀. Àkànmú ta ìrá kan lọ́fà, ìrá fò ó di inú Ibú Àdáwọ̀, odò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àkànmú ní omi kò ní jẹ ẹran òun mọ́ òun lójú. Ó yá àgbá èémí tí a fi ń mí lábẹ́ omi lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ etí ibú, ó dá wọ omi, kò jáde mọ́.

Ìyá wọn gbọ́, ó da àwo oúnjẹ dojú dé.

"Ìyá, ẹ jẹun," ni Ọdẹ́níran wí.

"N kò gbóòórùn òkú ọmọ yẹn nínú ara mi. Ó wà láàyè níbi kan. Títí ojú mi yóò fi kàn án, n kò ní fi nǹkan kan sẹ́nu. Arúgbó sì ni mí, Ọdẹ́níran. Ebi arúgbó kì í pẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀. Lọ mú àbúrò rẹ wá."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ la fi ń dá irú ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn. Ọdẹ́níran so gbérí rẹ̀ mọ́ra, ó kọrí sí igbó.

Igbó tó wà láàrin ilé wọn àti ibú, Igbó Ẹlẹ́nu-Ìpàkọ́ ni. Àwọn iwin tó ń gbé ibẹ̀, iwájú ni ojú wọn wà bíi tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ni ẹnu wọn wà. Iwin kan kò lè bọ́ ara rẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, èyí á fi iṣu sẹ́nu ìyẹn, ìyẹn á yí padà, á fi sẹ́nu èyí. Ọdẹ́níran rí wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀dá wo lèyí tí kò lè dá jẹun?

Ọ̀kan nínú wọn dábùú ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i kí ẹnu rẹ̀ lè ráyè sọ̀rọ̀. "Ọdẹ ẹlẹ́rìn-ín, àlọ́ ni a fi ń san ìbodè níbí. Kí ni ohun tí o gbé láti inú ìyá rẹ wá, tí gbogbo ayé ti rí, tí ìwọ nìkan kò tíì rí?"

"Ikú mi ni," ni Ọdẹ́níran wí.

"Ta ló ti rí ikú rẹ?"

"Ó dáa, orí inú mi ni."

"Ẹlẹ́dàá nìkan ló rí ìyẹn. Gbogbo ayé ni mo wí."

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, àbí? Òwe ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ìdí nìyẹn. Ọdẹ́níran kò ní nǹkan kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ju ìgbéraga lọ. Ó ronú títí, ó kùnà. Iwin náà yí i ká, ó gbá a ní ìpàkọ́, pàá! Ojú ọdẹ ṣú.

"Ìdáhùn nìyẹn," ni iwin wí. "Máa gbé e lọ. Omi yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọ."

Bó ṣe ń fọwọ́ ra ìpàkọ́ ló dé etí Ibú Àdáwọ̀, níbi tí ilé alágbẹ̀dẹ wà. Bàbá Ẹwìrì ni wọ́n ń pe alágbẹ̀dẹ náà. Ẹwìrì rẹ̀ tóbi ju ilé lọ. Kì í fi fẹ́ iná nìkan, afẹ́fẹ́ ló fi ń tì sínú àgbá irin, á tì í, á tì í, títí afẹ́fẹ́ gbogbo oko kan yóò fi wọ inú àgbá tí kò ju apá ènìyàn lọ. Ìdérí onírin kan wà lórí àgbá kọ̀ọ̀kan: bí a bá yí i sí òsì, èémí á máa jáde gba inú rọ́bà wá sẹ́nu ẹni, bí a bá yí i sí ọ̀tún, á dákẹ́.

Obìnrin kan jókòó sídìí àgbá, ó ń pa ìṣáwùrú. Fẹ̀yìntọlá ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́ omi ló ti ń kó ìṣáwùrú tà láti ìgbà ọmọge.

Bàbá Ẹwìrì gbọ́ ohun tí Ọdẹ́níran bá wá, ó dìde, ó gbé àgbá funfun kan jáde láti inú yàrá. "Èyí ni àbúrò rẹ gbé lọ. Irin rẹ̀ fúyẹ́, ìdí tó fi wù ú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń tán lọ nínú irú àgbá yìí, á máa fà sókè bí akèrègbè òfìfo. Ó padà sójú omi ní òun nìkan."

Ọdẹ́níran gbà á. Ó rí kókó tí Àkànmú ta sí okùn àyà rẹ̀, kókó ọdẹ tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọ nígbà tí eyín ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kókó náà wà lódindi. Okùn ẹ̀yìn ló já, níbi tó ti gbó, níbi tí ojú ẹni tó gbé e kò lè dé. Ọdẹ́níran fi kókó yẹn lé àyà. Kò wo okùn ẹ̀yìn.

"Èwo ni kí n gbé?" ó bèèrè.

"Àgbá kì í ṣe adé tí a ń wá èyí tó tóbi jù," ni Bàbá Ẹwìrì dáhùn. "Ibi tí à ń lọ là ń bi. Ẹyọ kan lẹ́yìn yìí tó ẹni tí kò ní pẹ́. Àwọn méjì tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, abẹ́ abíyá là ń há wọn sí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. O lè fẹ̀gbẹ́ gba inú pàlàpálá òkúta, ojú rẹ á sì máa rí ìdérí wọn. Kékeré yìí, ti ọjọ́ ìpọ́njú ni. Kò lè gbé ọ dé ibì kankan, ṣùgbọ́n ó lè gbé ọ padà. Èyí tí mo so ní méjì pọ̀ sẹ́yìn yìí ni èémí rẹ̀ pọ̀ jù, àmọ́ ó wúwo, ìdérí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọrùn, ó ń fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn."

"Gbé alápapọ̀ yẹn fún mi."

Fẹ̀yìntọlá rẹ́rìn-ín lábẹ́ imú. "Bàbá Ọdẹ, ṣé omi lẹ̀ ń wọ̀ ni àbí ẹ fẹ́ lọ kọ́lé síbẹ̀?"

"Ìwọ ìyá oníṣáwùrú, mo bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ máa tó bá mi sọ ọ́. Èmi là ń bá lọ. Ẹnì kan kì í dá wọ ibú yìí láti ilé Bàbá Ẹwìrì mọ́, láti ọjọ́ tí àgbá àbúrò yín ti dá wálé."

"Èmi? Kí n máa tẹ̀ lé obìnrin lọ sógun?"

"Ẹ má tẹ̀ lé mi. Ẹ ṣáà máa bojú wẹ̀yìn kí ẹ máa rí mi."

Bàbá Ẹwìrì là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí kò bá gbà, kò ní rí àgbá gbé. Ọdẹ́níran ronú kan ìyá rẹ̀ àti àwo tó dojú dé, ó gbà, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ wú. Fẹ̀yìntọlá gbé àgbá ẹyọ kan sẹ́yìn, ó so kékeré mọ́ ìhà. Rọ́bà méjì ló wà lára àgbá ńlá rẹ̀.

"Ẹnu mélòó lo ní?" ni Ọdẹ́níran fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀kan ni tèmi. Ìkejì, ti ẹni tí kò ní."

Ó wá kọ́ ọ ní èdè ọwọ́, nítorí a kì í sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Àtàǹpàkò sókè: ó yá, ká gòkè. Nígbà tó fi ọwọ́ fa ọ̀fun láti òsì dé ọ̀tún, Ọdẹ́níran fò sẹ́yìn. "Kí nìyẹn? Ṣé o fẹ́ dú mi ni?"

"Kì í ṣe dúńbú! Èémí mi tán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ yí padà kí n wo okùn yín àti ìdérí tó wà lẹ́yìn ọrùn yín."

Ó na ọwọ́. Ọdẹ́níran gbọn ọwọ́ náà dànù. "Ọwọ́ obìnrin kì í kan gbérí yìí. Mo ti yí i fúnra mi. Èémí ń wá."

Lóòótọ́, ó ti yí i. Apá rẹ̀ ló fi tipátipá tì sẹ́yìn, ìka méjì ló kan irin, ó yí i díẹ̀, ó gbọ́ tí èémí ń sú fééfé, ó ní ó tó. Ẹ̀yin èèyàn mi, èémí tó tó ènìyàn létí odò, kì í tó o nísàlẹ̀ odò. Bí omi ti ń jìn, bẹ́ẹ̀ ni àyà ń béèrè sí i.

Wọ́n wọ omi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹwà ni. Ẹja tó lójú bí ìyàwó tuntun ń kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n gba inú igbó koríko odò kọjá, níbi tí gbogbo ewé ti ń juwọ́ síni bí ẹni ń dágbére. Ọdẹ́níran gbàgbé pé òun ní ẹnìkejì. Ó ń lọ níwájú bí ẹkùn tí kì í wẹ̀yìn. Fẹ̀yìntọlá rí i pé ó ti ń jìnnà jù, ó fi ọ̀bẹ lu àgbá rẹ̀, kán, kán, kán. Ọdẹ́níran gbọ́. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ohun tó ń pe ọdẹ láti ẹ̀yìn kì í ṣe ènìyàn." Kò wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni ibú ti jìn bọ̀ọ̀. Ibẹ̀ náà ni èémí ti bẹ̀rẹ̀ sí há.

Ó fa rọ́bà, èémí wá bí oyin tó ti dì. Ó tún fà á, ó wá bí okùn abẹ́rẹ́. Ó ní iwin odò ló dì í lọ́nà ọ̀fun. Ó pe ọfọ̀ nínú ọkàn, ọfọ̀ kò jẹ́, ọfọ̀ kì í yí ìdérí àgbá. Ó ti apá ọ̀tún sẹ́yìn, kò dé. Ó ti tòsì, gbérí baba rẹ̀ ti mu omi, ó ti nípọn sí i, ó há apá náà mọ́lẹ̀. Gbogbo èémí oko méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì rí ẹyọ kan fi sẹ́nu. Ẹ̀rù tí ẹfọ̀n kò dá bà á rí, ẹ̀rù tí ẹkùn kò dá bà á rí, ó bà á. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó jókòó ti àwo tó dojú dé, tó ń dúró de ọmọ méjì tí omi ti gbé.

Ìpàkọ́ rẹ̀ bá ta á, níbi tí iwin gbá. Ó gbọ́ ọ kedere: kí ni ohun tí gbogbo ayé ti rí tí ìwọ nìkan kò tíì rí?

Ọdẹ́níran, ọmọ a-dá-wọ-igbó-dá-jáde, bojú wẹ̀yìn.

Fẹ̀yìntọlá ti ń bọ̀ kíkankíkan. Ọdẹ́níran fi ọwọ́ fa ọ̀fun láti òsì dé ọ̀tún. Kí ó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀, obìnrin náà ti fi rọ́bà kejì sí i lẹ́nu. Ó fà á. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ èémí! Èémí, ọlá tí kò lójú. Èémí, àlejò tó ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí kì í kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ tó bá yà kúrò lọ́nà ni ẹ̀yin ọmọ yóò tó mọ̀ pé ẹ ti lọ́lá rí.

Nígbà tó mí dáadáa tán, Fẹ̀yìntọlá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Kò kàn án. Ó ń wo ojú rẹ̀. Ọdẹ́níran tẹrí ba. Ọwọ́ obìnrin kan gbérí baba rẹ̀, ọwọ́ náà yí ìdérí, èémí oko méjì tú wá. Gbérí náà kò jóná. Baba rẹ̀ kò bú u láti ọ̀run.

Láti ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń lọ.

Nísàlẹ̀ ibú, ìloro kan wà tí omi kò wọ̀, níbi tí ènìyàn ti lè mí, tó sì lè sọ̀rọ̀. Oníbodè kan jókòó síbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ koríko odò, ẹja wẹ́wẹ́ ń sùn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo àwọn tó dá wọ ibú wà. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń di irun ara rẹ̀. Iwájú dára bí ti ọmọ ọba, ìpàkọ́ rí yánkan-yànkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Àkànmú jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n!" ni Àkànmú ké. "Mo rò pé ẹ ò ní wá."

"Ìyá ò jẹun," ni èsì tí Ọdẹ́níran fún un. Ó dì mọ́ ọn.

Oníbodè gbé ọwọ́ sókè. "Ẹni tó bá dá wá kì í dá lọ. Èémí méjì-méjì ni ń gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde. Ẹ̀yin méjì lẹ wá. Pẹ̀lú tirẹ̀, ẹ di mẹ́ta. Ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀."

Fẹ̀yìntọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ máa mú un lọ, Bàbá Ọdẹ. Ìyá ń dúró. Èmi mọ omi, omi mọ̀ mí. Ẹ ṣáà sọ fún ọkọ mi kó wá mú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú agbada omi ìwẹ̀ lọkùnrin yẹn ti ń rì."

Àkànmú rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀. Ọdẹ́níran wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Bó bá jẹ́ àná ni, ì bá ti mú ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, ì bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ló ju omi lọ. Ó wo rọ́bà méjì tó wà lára àgbá Fẹ̀yìntọlá.

"Bàbá, orí lẹ̀ ń kà ni àbí èémí?"

"Èémí. Orí kì í mí."

"Ẹni méjì tó ń fa àgbá kan ṣoṣo, èémí mélòó ni?"

Oníbodè fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọ̀kan ni."

"Tèmi ńkọ́?"

"Ọ̀kan."

"Fẹ̀yìntọlá, fún Àkànmú ní rọ́bà kejì."

Oníbodè rẹ́rìn-ín títí ẹja fi ń jábọ́ láti inú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣọ́ ibodè, àwọn tó ń wá kì í ní nǹkan ìfúnni lára, ara wọn nìkan ni wọ́n ń dì bí ẹrù. Ó yà fún wọn. Bí wọ́n ti ń lọ, obìnrin onírun-ìdajì di etí gbérí Ọdẹ́níran mú. "Ará òkè," ó ní, "n kò rí ẹni bá mi di ẹ̀yìn." Ọdẹ́níran kò gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Gígòkè ni ó le jù. Ọkàn Ọdẹ́níran ń sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lé e. Fẹ̀yìntọlá di ìgbànú rẹ̀ mú, ó nàka sí ìfófòó kékeré tó ń jáde lẹ́nu wọn: ẹ má ṣe sáré ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tó bá sáré gòkè láti inú ibú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bí omi orí iná. Àgbá tí ẹni méjì ń fà tètè fúyẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí èémí rẹ̀ tán, Fẹ̀yìntọlá fi rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá fún Àkànmú, òun bọ́ sórí kékeré ìhà rẹ̀, ti ọjọ́ ìpọ́njú. Ọdẹ́níran ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà. Kò sí ohun tó ń lé e.

Wọ́n yọ orí sójú omi, oòrùn wà lókè. Àkànmú wúkọ́, ó tutọ́ omi, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀gbọ́n, ìrá mi ńkọ́?"

"Má jẹ̀ẹ́ kí n gbá ọ ní ìpàkọ́," ni Ọdẹ́níran wí. "Máa lọ sílé. Gba ọ̀nà igbó. Bí iwin bá pa àlọ́ fún ọ, ìpàkọ́ ni ìdáhùn. Bí o bá débẹ̀, ṣí àwo ìyá wa sókè, kó o jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ọdẹ́níran yíjú sí ibú, níbi tí obìnrin onírun-ìdajì kù sí. Àkànmú wo ojú rẹ̀, ó wo ibú, ó yé e, ó sì lọ.

Bàbá Ẹwìrì ti ń tẹ ẹwìrì rẹ̀. "Èwo ni tọ̀tẹ̀ yìí?"

"Ibi tí à ń lọ là ń bi," ni Ọdẹ́níran dáhùn. "Méjì lọ, mẹ́ta bọ̀. Fún mi ní ẹyọ kan tó lẹ́nu rọ́bà méjì, kó o sì so kékeré mọ́ mi ní ìhà."

Ó gbé àgbá sẹ́yìn. Àwọn apẹja ti pé jọ sétí odò, wọ́n ń wòran ọdẹ ńlá tí omi ń kán lára rẹ̀. Níṣojú gbogbo wọn, ó rìn lọ bá ìyá oníṣáwùrú, ó yíjú sódì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọrùn gbérí baba rẹ̀ sókè kúrò lórí ìdérí, ó sì tẹ orí ba.

"Fẹ̀yìntọlá," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi wo ẹ̀yìn mi."